Ìwé Orin Àtijọ́ àti Ojú Kọ̀ǹpútà Kékeré

Ọ̀rọ̀ tí ètò yìí gbé kalẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò ni ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà da orin inú ìwé àtijọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà, nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà náà kò tóbi tó láti gba ìwé àtijọ́ àti ìwé tuntun pọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni, ọ̀rọ̀ ogún ìran ẹni sì ni pẹ̀lú. Nínú orin Yorùbá, àmì orin kan ṣoṣo tí ó bá ṣìnà lè sọ ọkọ́ di ọkọ̀, ó sì lè sọ ọkọ̀ di ọkọ. Nítorí náà, ibi tí a gbé ìwé àtijọ́ sí nígbà tí a bá ń dà á kọ kì í ṣe ohun kékeré. Òun gan-an ni ó máa ń pinnu bóyá orin tí bàbá kọ ni ọmọ yóò jogún, tàbí òmíràn tí ó jọ ọ́.

Bí orin ìsìn ṣe dé ilẹ̀ Akínyẹlé

Ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí Mọ́níyà sì jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, wà ní ìhà àríwá Ìbàdàn, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, àwọn abúlé rẹ̀ sì pọ̀ lọ súà. Orin ìsìn Kristi ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní ọdún 1853 ni Thomas Jefferson Bowen, òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìjàyè. Ní ọdún kan náà ni Adolphus Mann, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ CMS, fi ìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ìlú ńlá ni Ìjàyè nígbà náà, lábẹ́ Ààrẹ Kúrunmí. Ogun òun àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, Ìjàyè sì tú ní oṣù Kẹta ọdún 1862. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí orí kó yọ sá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì gbé ìsìn wọn dání lọ. Nígbà tí ó yá, a tún Ìjàyè tẹ̀ dó, orin sì padà sí ilé.

Àwọn orin tí a kọ́kọ́ kọ nínú ìjọ jẹ́ ti àwọn Òyìnbó. A túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn sí Yorùbá, ṣùgbọ́n a fi ohùn orin wọn sílẹ̀ bí ó ti wà. Èdè Yorùbá kò sì gba èyí ní ìrọ̀rùn, nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Igbá kì í ṣe ìgbà, igba kì í sì í ṣe igbà tí ọ̀kọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Bí ohùn orin bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibi tí ọ̀rọ̀ gbé yẹ kó gòkè, olùgbọ́ yóò gbọ́ ohun mìíràn, tàbí kí ó má tilẹ̀ gbọ́ ohunkóhun tí ó ní ìtumọ̀.

Àwọn Yorùbá fúnra wọn ni ó wá ojútùú sí èyí. Ẹni Ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ àwọn orin ìsìn tí ohùn wọn bá ọ̀rọ̀ mu, wọ́n sì gba díẹ̀ nínú wọn sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1920 sí 1930. Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó jẹ́ olórí orin ní Kàtídírà ìjọ Áńgílíkà ní Èkó láti ọdún 1914 títí di 1962, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1953. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣe àlàyé bí ó ṣe yẹ kí orin máa tẹ̀lé ohùn èdè. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta dùùrù ńlá ní òkè òkun. Lẹ́yìn àwọn ẹni ńlá wọ̀nyí ni àìmọye ọ̀gá akọrin ìlú kékeré àti abúlé wà, tí àwọn náà ń kọ orin fún ìkórè, fún ìsìnkú, fún ìgbéyàwó àti fún ayẹyẹ ìjọ. A kò tẹ orin wọn jáde rí. Inú ìwé ìkọ̀wé ni ó wà, nínú àpótí, nínú yàrá ìyípadà aṣọ akọrin, níbi tí ikán, òjò àti èkúté ti ń bá a pín in.

Ohun tí ó wà nínú ìwé náà

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọ̀gá akọrin wọ̀nyí fi kọ orin sílẹ̀ ni sọ́fà. Sarah Glover, olùkọ́ kan ní Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. John Curwen, tí ó gbé ayé láti ọdún 1816 sí 1880, ni ó tún un ṣe, tí ó sì tàn án ká. Lẹ́tà méje ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: d, r, m, f, s, l, t. Ààmì ẹlẹ́kàn méjì tí ó wà lórí ara wọn ni a fi ń ya ìgbésẹ̀ orin kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, èyí tí ọ̀gá akọrin ń fi ọwọ́ kà. Ìlà òró ni ó ń fi òpin báà hàn. Ìlà kékeré tí ó dùbúlẹ̀ ń sọ pé kí ohùn ṣì máa fà lọ. Ààmì kékeré lókè lẹ́tà ń gbé ohùn lọ sí àkàbà òkè, ti ìsàlẹ̀ sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìdí tí sọ́fà fi gbilẹ̀ láàárín wa kò ṣòro láti mọ̀: kò bèèrè ju pẹ́ńsù àti bébà lọ, kò sì sí ìdí láti fa ìlà márùn-ún kí a tó kọ orin.

Ó yẹ kí á sọ ohun kan níhìn-ín tí ó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá yá mẹ́ta nínú lẹ́tà méje yìí lò láti fi kọ́ni ní ohùn èdè: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Ṣùgbọ́n d inú ìwé sọ́fà kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀ èdè ní dandan. Ipò kan lórí àkàbà orin ni. Ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ jẹ́ re mí lè bọ́ sórí s àti l, tàbí sórí f àti l, kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí orin gbọ́dọ̀ pa mọ́ ni ìrìn: kí ó gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gbé gòkè, kí ó sì sọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ gbé sọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Bí orin ìkórè àwọn àgbẹ̀ bá ní gbólóhùn yìí nínú, “bùkún ọkọ́ wa”, tí ìwé sì kọ r sórí ọ, tí ó kọ m sórí kọ́, ohùn gòkè, àdúrà náà sì dúró gẹ́gẹ́ bí olórin ti gbà á. Bí ojú adàwékọ bá ṣì í, tí ó kọ r méjèèjì, ìjọ yóò máa gbàdúrà fún ọkọ. Bí ó bá kọ d ní ipò m, ọkọ̀ ni wọn yóò máa súre fún. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára láti gbàdúrà fún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ tí ó kọ orin náà ní lọ́kàn nìyẹn.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Adàwékọ tí ó ń fi ọwọ́ kọ̀wé máa ń tẹ́ ìwé àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tuntun lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ ń lọ, ó sì ń bọ̀ láìsí ìdíwọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ sórí kọ̀ǹpútà kékeré, ìrìn ojú yìí a já. Àwòrán ìwé àtijọ́ a wà nínú fèrèsé kan, ètò tí a fi ń kọ orin a sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ yóò wo ìwé, yóò kó àmì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sọ́kàn, yóò yí sí fèrèsé kejì, yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ láti inú ìrántí.

Àṣìṣe méjì ni ó ń bá ọ̀nà yìí rìn. Èkínní ni pé ọkàn a máa tún ohun tí kò bá a lára mu ṣe. Bí ìrìn orin kan bá ṣàjèjì, ìrántí a máa yí i padà sí èyí tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pàápàá sí ìró orin Òyìnbó tí a ti ń gbọ́ láti kékeré. Èkejì ni pé bí ojú bá padà sínú ìwé, ó lè má balẹ̀ sí ibi tí ó ti kúrò. Orin Yorùbá kún fún elégbè àti àwítúnwí. Bí s m r d bá wà ní báà kẹta tí ó sì tún wà ní báà karùn-ún, ojú lè fo láti ti àkọ́kọ́ bọ́ sórí ti kejì, kí báà méjì sì di àwátì. Àwọn adàwékọ ayé àtijọ́ mọ àrùn yìí dáadáa. Nínú orin ohùn mẹ́rin, bí báà kan bá sọnù lára ohùn kan, gbogbo ohùn tí ó kù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ ni pé kí ìwé àtijọ́ àti orin tuntun wà ní ojú lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé èkínní ń bo èkejì.

Bí a ṣe ń pín ojú kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ pín ojú kọ̀ǹpútà sí apá òsì àti apá ọ̀tún, nítorí pé ètò Windows ti sọ ìyẹn di ìrọ̀rùn: bí a bá di bọ́tìnnì Windows mú tí a sì tẹ ọfà òsì tàbí ti ọ̀tún, fèrèsé yóò lọ jókòó sí ìlàjì tirẹ̀. Fún ìwé àròkọ tàbí lẹ́tà, ó dára. Fún orin, kò bá a mu. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ojú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 14 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 31, ó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 17. Nígbà tí a bá yọ àwọn ìlà bọ́tìnnì ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ kúrò, gíga tí ó kù fún iṣẹ́ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ojú ìwé A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 29.7. Bí a bá fẹ́ rí odidi ojú ìwé náà, a ó dín in kù sí ìdajì. Ìkọ̀wé pẹ́ńsù tí ó ti ń parẹ́ kò ṣeé kà ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ààmì kékeré tí ó wà lórí lẹ́tà kò sì ní hàn rárá. Ní ìdàkejì, fèrèsé orin yóò ní sẹ̀ǹtímítà 15 ní ìbú. Àpótí irinṣẹ́ yóò gba apá kan níbẹ̀, ìyókù kò sì ní gbà ju báà méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Orin kò gùn lọ sí ìsàlẹ̀. Ìbú ni ó ń gbà lọ. Nítorí náà, òkè àti ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí á pín ojú kọ̀ǹpútà sí. Kí àwòrán ìwé àtijọ́ gba bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ní òkè, kí ètò orin sì gba bíi sẹ̀ǹtímítà 9 ní ìsàlẹ̀. Fèrèsé kọ̀ọ̀kan yóò ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 31 ní ìbú. Ìlà sọ́fà kan tí ó ní ohùn mẹ́rin àti ọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 nínú ìwé, yóò wá tóbi ju bí ó ti wà lọ ní ìlàjì, yóò sì kún àyè tirẹ̀ wẹ́kú. Ọwọ́ ni a ó fi fa etí àwọn fèrèsé náà títí wọn yóò fi rí bẹ́ẹ̀.

Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, a gbọ́dọ̀ pèsè àwòrán náà sílẹ̀ dáadáa. Kí á ya fọ́tò ìwé náà ní ojúmọmọ, ní ẹnu ọ̀nà tàbí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìlo iná fọ́tò tí ń kọ mànà lójú bébà. Kí á gé fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí ìlà ìlà, kí á sì fi nọ́ńbà sọ wọ́n ní orúkọ: 07-3, fún àpẹẹrẹ, yóò túmọ̀ sí ojú ìwé keje, ìlà kẹta. Nígbà náà, ojú kò ní ibòmíràn tí yóò fò lọ, nítorí pé ìlà kan ṣoṣo ni ó wà níwájú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní fóònù tí ojú rẹ̀ mọ́ tún lè gbé ìlà náà sórí fóònù, kí ó fi í ti nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà sì wà fún orin nìkan. Bí ìwé fúnra rẹ̀ bá ṣì le, tí kò sì ń já, kò sí ohun tí ó ní kí á má gbé e dúró síbẹ̀. Irinṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ni a fi ń ṣe iṣẹ́.

Títẹ orin náà

Lára àwọn ètò tí a fi ń kọ orin sórí kọ̀ǹpútà, MuseScore rọrùn fún àwọn ìjọ kékeré, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Werner Schweer, ará Jámánì, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2002. Kí ó tó wúlò lójú kọ̀ǹpútà kékeré, kí á kọ́kọ́ gbá ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bọ́tìnnì F9 a máa gbé àpótí irinṣẹ́ kúrò tàbí mú un padà. F8 a máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí àpótí àbùdá. F7 a máa ṣe é sí orúkọ àwọn ohùn. Lẹ́yìn náà, kí á yan ọ̀nà ìwòran tí ó ń tẹ́ orin lọ gbọọrọ láìgé e sí ojú ìwé. Báyìí ni orin yóò máa rìn ní ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlà sọ́fà ti ń rìn ní òkè.

Ọgbọ́n kan wà tí ó ń dín wàhálà kù púpọ̀. Sọ́fà kò fi d sí ojú kan; d lè jẹ́ G lónìí, kí ó jẹ́ A-fláàtì lọ́la, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a kọ sí orí orin náà. Dípò kí adàwékọ máa ṣe ìṣirò yìí lọ́kàn bí ó ti ń tẹ̀, kí ó kọ gbogbo orin náà bí ẹni pé d ni C: r yóò jẹ́ D, m yóò jẹ́ E, f yóò jẹ́ F, s yóò jẹ́ G, l yóò jẹ́ A, t yóò sì jẹ́ B. Nígbà tí orin bá parí, kí ó ní kí ètò náà gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ipò tí ó yẹ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Kí á parí ohùn kan nínú ìlà kan kí á tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kí á sì tẹ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ kí á tó kúrò níbẹ̀. Ctrl pẹ̀lú L ni ó ń ṣí àyè ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn lórí, àní bí ìwé àtijọ́ kò tilẹ̀ ní in, nítorí pé òun ni ẹlẹ́rìí tí a ó pè nígbà tí a bá ń yẹ orin wò. Ẹ kíyè sí i pé nínú kọ̀ǹpútà, ẹ́ àti ọ̀ jẹ́ àkànpọ̀ àmì méjì. Irú lẹ́tà ìtẹ̀wé mìíràn a máa já àmì náà sílẹ̀ tàbí kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Kí á dán ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò kí á tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an.

Yíyẹ iṣẹ́ wò

Ìyẹ̀wò mẹ́ta ni ó yẹ kí orin kọ̀ọ̀kan là kọjá. Èkínní jẹ́ ti ojú. MuseScore lè kọ orúkọ sọ́fà sínú orí àmì orin kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣe èyí, ìlà òkè yóò ní d r m, ìlà ìsàlẹ̀ náà yóò ní do re mi, ẹni tí kò mọ ìlà márùn-ún kà pàápàá yóò sì lè fi wọ́n wéra. Kí ènìyàn méjì ṣe é: kí ọ̀kan ka ìwé àtijọ́ sókè, kí èkejì fi ìka tọ orin tuntun.

Èkejì jẹ́ ti èdè. Kí á wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí á sì bèèrè bóyá orin bá a rìn. Níbi tí orin bá ti kọ̀ láti gòkè nígbà tí ọ̀rọ̀ gòkè, kí á padà sí fọ́tò ìlà náà. Nígbà mìíràn, adàwékọ ni ó ṣì í. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olórin ṣe kọ ọ́, bóyá nítorí ìdíwọ̀n ohùn mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kọ ọ́, kí á fi í sílẹ̀. Adàwékọ kò ní àṣẹ láti tún orin elòmíràn kọ.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti etí, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Kọ̀ǹpútà lè ta orin náà jáde, ṣùgbọ́n kò mọ Yorùbá. Àwọn àgbà tí wọ́n kọ orin náà nígbà èwe wọn ni ó mọ̀ ọ́n. Kí á mú un tọ̀ wọ́n lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Àgbà obìnrin kan tí kò mọ d yàtọ̀ sí r lórí ìwé lè gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan kí ó sì sọ pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe bí a ti ń kọ ọ́ nìyẹn.” Ẹ̀rí rẹ̀ wúwo ju ti ẹ̀rọ lọ.

Títọ́jú ohun tí a ti ṣe

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àwọn tí ó ni ètò Finale, tí ó ti wà fún nǹkan bí ọdún 35, kéde pé àwọn ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ olórin káàkiri àgbáyé ni ó bá ara wọn pẹ̀lú iṣẹ́ ìgbà pípẹ́ nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti fẹ́ bọ́ sọnù. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí á má fi orin pamọ́ ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí á fi ọ̀kan pamọ́ gẹ́gẹ́ bí MusicXML, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò orin lè kà. Kí á ní òmíràn gẹ́gẹ́ bí PDF, kí á sì tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà fún àpótí ìjọ. Kí fọ́tò ìwé àtijọ́ wà pẹ̀lú wọn nígbà gbogbo, kí ẹni tí yóò bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀la lè rí ohun tí adàwékọ rí. Kí á má sì sun ìwé àtijọ́ tàbí kí á sọ ọ́ nù nítorí pé tuntun ti dé.

Ọ̀pọ̀ ìjọ ní abúlé ni kò ní ju kọ̀ǹpútà kékeré kan lọ, iná mànàmáná kì í sì í fìgbà gbogbo wà. Èyí kò ní kí iṣẹ́ náà má ṣeé ṣe. Ìlà kan lóòjọ́, tí a gbé ìwé rẹ̀ síbi tí ojú ti lè rí i, sàn ju ogún ojú ìwé tí a fi ìrántí kọ lọ. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìkórè bá tún dé, ọkọ́ ni àwọn ọmọ àgbẹ̀ yóò tọrọ ìbùkún fún.